Òṣómàáló Tí Kò Lórúnkún

Èmi ni mo ń nu ojú rẹ̀.
Láràárọ̀, kí oòrùn tó yọ lókè Ìmọ̀,
mo máa ń gun àkàbà ní Ẹrẹ́jà,
n ó fi aṣọ tútù nu dígí tó fi ń wò wá,
kí eruku pupa ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà
má baà jẹ́ kó ṣi ẹnikẹ́ni mọ̀.
Iṣẹ́ mi nìyẹn. Òun náà ló yàn án fún mi.

Olùṣirò là ń pè é.
Ilé rẹ̀ wà ní Omi Àsọ̀rọ̀,
ilé tí kò ní fèrèsé, tó ń kùn bí oyin tọ̀sán tòru.
A kò gbọ́ ohùn àjèjì lẹ́nu rẹ̀ rí:
"ulé" ló ń pe ilé, "uṣu" ló ń pe iṣu,
bí ìyá ìyá mi gan-an.
Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kí wa, àwọn àgbà sunkún ayọ̀.
Wọ́n ní, ẹ ò rí i, ọmọ wa ni.

Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.
Ó ka ìwé kóòtù, ó ka ìwé ṣọ́ọ̀ṣì,
ó ka ìwé gbèsè tí àwọn bàbá wa dì sínú àpò ọ̀rá
láti ayé tí wọ́n ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú,
tí wọ́n ń tà á láwìn,
tí wọ́n sì ń padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
pé òṣó làwọn ó máa ló, àfi bówó bá délẹ̀.
Ó ní òun náà, òṣómàáló lòun.

Ẹ gbọ́ o.
Fátúyì, bàbá bàbá mi, lóṣòó ní Ìkàrẹ́ lọ́dún kan
láti ìyálẹ̀ta títí ilẹ̀ fi ṣú.
Orúnkún ń dùn ún. Òùngbẹ gbẹ ẹ́.
Ìyàwó onígbèsè bu omi fún un.
Ó mu ún, ó rí ọmọ tí ibà dá dùbúlẹ̀ sórí ẹní,
ó fọwọ́ ti orúnkún dìde, ó ní ó di ìgbà iṣu tuntun.
Owó náà ò wọlé títí ó fi kú.
Ṣílè méje.

Olùṣirò rí ṣílè méje.
Ó wá àrọ́mọdọ́mọ obìnrin tó bu omi yẹn rí,
Ìbíwùmí aránṣọ, ní Ìsọ́kùn níbí,
ó fi èlé ọgọ́rùn-ún ọdún lé e lórí.
Ó ní ẹ̀tọ́ ẹbí mi lòun ń bá mi gbà.
Mi ò rán an níṣẹ́.
Mo kọ̀wé pé mo ti fi jì í. Ó fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
pé ìdáríjì kò sí lára ohun tóun lè kà.

Ẹ̀rọ omi Ìbíwùmí gbẹ.
Àtàǹpàkò rẹ̀ ò ṣí ilẹ̀kùn ọsibítù mọ́.
Lẹ́yìn náà ló yọ orúkọ rẹ̀ kúrò:
ẹni tó bá kí i, máàkì rẹ̀ á já wálẹ̀.
Èmi alára pàdé rẹ̀ lọ́nà Adétí,
mo tẹjú mọ́ bàtà mi.
Mo gbọ́ tó ní, "Ṣé dáadáa lẹ jí?"
Mi ò dáhùn. Mo ní ọmọ-ọmọ méjì níléèwé.

Lánàá, ó ní kí n wá nu ojú tó wà ní géètì Omi Àsọ̀rọ̀,
nǹkan kan dí òun lójú.
Nǹkan ọ̀hún, Ìbíwùmí ni.
Ó ti lóṣòó síwájú géètì,
ó ká ìró sáàárín itan, igbá omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Olùṣirò bi í, ní ohùn ìyá ìyá mi: "Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"
Ó ní, "Orúkọ mi ni mo wá gbà. Òṣó ni mo máa ló."

Ó dákẹ́.
Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń nu ojú rẹ̀,
kò dákẹ́ létí mi rí.
Ó tún bi í. Ó tún bi í.
Ó ti ka gbogbo ìwé tó sọ nípa òṣó,
ṣùgbọ́n kò ní orúnkún;
kò mọ bí ìrora ṣe ń gun egungun lọ,
kò mọ ohun tí ìrora yẹn ń sọ fún ẹni tó wà nínú ilé.

Mo sọ̀ kalẹ̀.
Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún mi ò dáa.
Mo lóṣòó tì í.
Ó ti igbá omi sọ́dọ̀ mi, kò wojú mi.
Lókè, eruku ti ń bà díẹ̀díẹ̀ lórí dígí náà,
aṣọ tútù ṣì wà lọ́wọ́ mi,
ó ń kán sílẹ̀, tó, tó.