Igba Ó Dín Mẹ́fà

Ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ ni mo máa ń sọ ọ́
kí àwọn àlejò tó ki ẹsẹ̀ bọ ilé iná Porz-Melen:
"Igba àtẹ̀gùn ó dín méje. Ẹ rọra o, ògiri ń làágùn."
Bí ó ti wà nìyẹn nínú ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ ní Brest.
Èmi kò kà á fúnra mi rí.
Ta ní í tún owó tí báńkì ti kà kà?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, afẹ́fẹ́ ń bá ilẹ̀kùn jà.
Òkun ti dógò ti àpáta láti àárọ̀,
ó ń bú u, ó ń tutọ́ sí i lójú,
kò sì lọ.
Ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wọ bàtà òjò àwọn apẹja,
ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.
Mo na tíkẹ́ẹ̀tì sí wọn. Yúrò mẹ́rin, mẹ́rin.
Ó wò mí bí ẹni ń wo òròmọdìyẹ tó wá gba owó ilé.
"Yàrá kejì lókè yẹn ni wọ́n bí mi sí.
Mo ti san tèmi. Ẹkún ni mo fi san án."

Soazig Kerdraon, ọmọ ẹni tó tọ́jú iná náà
nígbà tí iná ṣì ń fẹ́ ọwọ́ ènìyàn.
Ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni bàbá rẹ̀ ń dìde lóru
láti fa òṣùwọ̀n irin sókè, kí gíláàsì ńlá má baà dá yíyí dúró.
Òun, ọmọ ọdún méje, òun ní í ṣa ẹyẹ láàárọ̀,
àwọn tí ìmọ́lẹ̀ tàn, tí wọ́n forí sọ gíláàsì.
Ìyá rẹ̀ á fi wọ́n sebẹ̀.
"Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ọbẹ̀ náà," ó ní, "a kì í sì í ṣẹ́ ẹ kù."

Kò gun òkè. Orúnkún rẹ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.
Ó dúró nísàlẹ̀, ó di ojú,
ó ń fi etí ka ẹsẹ̀ Malo bí ó ti ń gòkè,
títí ohùn ọmọ náà fi já bọ́ láti orí ilé:
"Igba ó dín méje, Màmá!"
Ó mi orí.
"Ó dín mẹ́fà."

Mo ṣí ìwé mi fún un. Kò wò ó.
Ọ̀pá rẹ̀ ló nà sí òkúta ìloro tí mo dúró lé.
"Èyí tí o tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ńkọ́?

"Alẹ́ tí bàbá wa fi ọkọ̀ lọ gba lẹ́tà, tí kùrukùru dé,
iná ńlá ń yí lókè, ọkọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ rí i.
Ṣùgbọ́n iná tó ń wo ọ̀nà jíjìn kì í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Ìyá mi gbé àtùpà ilé ìdáná wá síbí,
ó jókòó tì í, ó fi etí yẹ̀rì ṣíji bò ó.
Ẹni tó ń bọ̀ wálé, àtùpà kékeré ló ń wá."

Mo bi í: ṣé bàbá dé?
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò họ iyọ̀ lára òkúta.
"Ó pẹ́ kó tó dé."
Kò sọ bí ó ṣe dé.

Mo kọ̀wé sí Brest. Wọ́n fèsì lọ́sẹ̀ mẹ́ta:
ìloro kì í ṣe àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ilé náà wí.
N kò bá wọn jiyàn.
Méje náà ni mo ṣì ń sọ fún àlejò.

Ṣùgbọ́n àárín òkúta náà ti jìn bíi ṣíbí.
Omi ni mo rò pé ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹni ìkẹyìn bá ti lọ,
mo máa ń gbá iyọ̀ kúrò lórí rẹ̀,
mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kan lé e, kí n tó wọlé lọ pa iná ọ́fíìsì,
mo sì ń wí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: ení.