Ìwé Olójú-Ewé Ọgọ́ta

Ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun la ń retí.
Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló dé.
Èmi ni bọ́sà, èmi ni mo kà wọ́n,
mo tún wọn kà bí ẹni ń ka owó tí omi rìn.
Mẹ́tàlélọ́gọ́ta náà ni.

Òjò Ọ̀wàrà ń lu páànù gbọ̀ngàn wa ní Àkànrán,
epo jẹnẹrétọ̀ ku ìka méjì nínú dúrọ́ọ̀mù.
Agbaninímọ̀ràn tó ti Èkó wá
ṣí ìwé ètò ọlọ́dún márùn-ún,
ẹ̀yìn ìwé náà ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó.
Ó ní ká ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè pa,
ká dá olùkọ́ mẹ́sàn-án padà sílé,
ká fi ọ̀dà tuntun kun géètì kí ojú òbí lè rí i.
Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.
Ìṣirò rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

Màmá Fọlárànmí Oyèdìran,
tí wọ́n ta ilé Òkè-Àdó kí wọ́n tó ra ilẹ̀ yìí,
kò wí nǹkan kan.
Wọ́n fa ìwé olójú-ewé ọgọ́ta yọ nínú báàgì,
èyí tí epo pupa ti ta sí lẹ́yìn.
Kò sí àtẹ níbẹ̀. Orúkọ ló wà níbẹ̀.
Làmídì onítẹ̀wé, Mọ́kọ́lá: mo dúró fún un ní báńkì, ọdún tí ẹ̀rọ rẹ̀ jóná.
Ṣíjúwadé oníbíríkì, Àmúlòkò: ọmọ rẹ̀ kàwé lọ́dọ̀ mi ní gbèsè.
Abẹ́kẹ́ oníbúrẹ́dì, Òkè-Bọ́là.
Èyí kò ní àlàyé.
Ogójì ọdún kì í ní àlàyé.

Ilẹ̀ mọ́, a wọ Pijó, ó di kíkiri.
Màmá kì í bẹ̀bẹ̀. Wọn a jókòó, wọn a béèrè ọmọ,
wọn a béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru,
wọn a jẹ ohunkóhun tí onílé bá gbé kalẹ̀,
ìgbà tó bá ku díẹ̀ ká dìde ni wọn yóò tó sọ pé,
"Mo ní ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta nílé o."
Làmídì ní òun á tẹ ìwé ìdánwò, ká san án lámọ̀ọ́dún,
kí ọmọ mẹ́rin máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ Ẹtì.
Ṣíjúwadé kò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kò sí.
Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Abẹ́kẹ́ gbà: búrẹ́dì àádọ́rin lójúmọ́, láwìn.
Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Morẹ́nikẹ́ òun ni,
ìdánwò àbáwọlé, máàkì mọ́kànlá péré ló kù.
Mo wo Màmá. Mo gbàdúrà kí wọ́n gbà.
Kí ni mọ́kànlá? Owó oṣù èèyàn mẹ́tàlélógún wà lọ́rùn mi.
Wọ́n di ọwọ́ Abẹ́kẹ́ mú, ó pẹ́.
Wọ́n ní, "Jẹ́ kó tún un ṣe.
Èmi fúnra mi ni n ó kọ́ ọ."

A ò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Mọ́lété.

Ìwé ètò ọlọ́dún márùn-ún ṣì wà lórí tábìlì mi,
mo fi ń di ilẹ̀kùn mú tí afẹ́fẹ́ bá dé.
Ojú ewé kejìlá rẹ̀ tọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì búrẹ́dì dé.
Mo kà á bí mo ṣe ka ọmọ.
Àádọ́ta.
Màmá ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àádọ́ta,
kí n má fi àlàyé sí i.