Táyà Karùn-ún

Ọmọ mi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.
Èmi ni mo ní owó, àpò wà ní apá mi,
ṣùgbọ́n Mọ́ṣúúdù atajà dojú kọ Gànìyù,
ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí bó ṣe ga,
àyà kìnnìún ni."
Gànìyù, tí kò fi ọwọ́ kan ṣíárì rí láyé ẹ̀,
ń mi orí bí alángbá.

Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.
Mo bọ́ bàtà. Mo ká ìró mọ́ orúnkún.
Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ
bí Jìnádù ṣe máa ń wọ abẹ́ lọ́rì rẹ̀
láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹja gbígbẹ bá ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ṣókótó.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé fìtílà fún un.
Ohun tí fìtílà bá rí, ẹni tó gbé e náà rí i.

Abẹ́ ọkọ̀ yìí mọ́ ju abọ́ ọbẹ̀ mi lọ.
Irin gígùn méjì, kò dógùn-ún,
ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nípọn tó apá alágbẹ̀dẹ.
Ṣùgbọ́n páìpù èéfín ti rọ̀ sílẹ̀ jù,
gbòǹgbò kan péré á fà á ya.
Mo pariwo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.
Mọ́ṣúúdù dákẹ́ díẹ̀.
Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Màmá.

A gbé e jáde. Èmi ni mo wà á.
Mo gun òkè tó kọjú sí ọ̀sà,
mo dúró ní ìdajì, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búréékì:
kò yọ̀ sẹ́yìn. Omi ń dán nísàlẹ̀ bí páànù tuntun.
Ó dáa. Mo yà sí ọ̀nà igbó tó lọ sápá Ẹ̀jìnrìn,
ibi tí òjò àná ti po ilẹ̀ pupa bí amọ̀ ìkòkò.
Mọ́ṣúúdù ní, "Màmá, ọkọ̀ ìdánwò ni o!"
Mo ní, "Ìdánwò náà kọ́ rèé?"

Ó rì dé ìdajì táyà.
Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí, ojú kan la wà.
Ọkùnrin méjì ń gbé fóònù sókè, wọ́n ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Mo yọ ìkótí lórí, mo fi tẹ ẹnu táyà,
afẹ́fẹ́ ń jáde fììì,
bí àgbàlagbà tó gbọ́ ìròyìn tó tù ú nínú.
Ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà lórí ẹrẹ̀, kó má wú jù.
Jìnádù ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.
Jíà kékeré, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. A jáde.

Oorun ló kù,
torí kì í ṣe ẹja ni mo fẹ́ fi kó.
Ó ṣèlérí pé òun á mú mi lọ
síbi tí ọ̀dà ti tán, kọjá Ṣókótó, kọjá Agadẹ́sì,
níbi tí iyanrìn ti ń ru bí omi,
tí èèyàn ń fi ìràwọ̀ mọ̀nà.
Ọdún tó ń bọ̀, ni ó máa ń wí.
Ọdọọdún ló ń wí i.
Orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí, ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀.

Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja.
Irin gbóná lẹ́yìn mi. Àwòdì kan ń yí lókè.
Ẹsẹ̀ mi kò kan ìlẹ̀kùn.
Mo na ọwọ́ ọ̀tún, kò kan ẹ̀gbẹ́.
Àyè kù. Mo mọ ìwọ̀n àyè náà,
n ò nílò tépù.

Gànìyù ní, "Màámi, ṣé kò sí nǹkan?"
Mo ní, "Ìbú ni mo ń wọ̀n."

Mọ́ṣúúdù dá iye lé e. Mo pè é ní ìdajì.
Ó rẹ́rìn-ín, ó búra, ó ní òun kàn ń ta á ní ẹ̀bùn ni.
Mo jẹ́ kó búra tán.
Láàárọ̀, lábẹ́ ọkọ̀, mo rí ṣéènì tó ń fì dirodiro,
n ò rí ohun tó yẹ kó so. Mo fi pa mọ́.
Ó di àsìkò yìí:
"Mọ́ṣúúdù, ọmọ mi,
níbo ni táyà karùn-ún wà?"