Ayálégbé Tí Kì Í Sanwó

Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tó ti kó wọ orúnkún mi.
Kò mú lọ́yà wá, kò bá ajẹ́ntì sọ̀rọ̀,
kò san àsansílẹ̀ kankan.
Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo fẹ́ dìde kírun àsùbáà,
mo bá a lórí ẹní, ó ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ bí onílé.

Èmi Sìdíkátù, ọmọ Òkèpópó,
èmi tí mo ti lé ayálégbé mẹ́fà jáde nínú ilé yìí,
tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé ìkòkò ọkùnrin kan síta nínú òjò,
mi ò mọ kóòtù tó ń gba ẹjọ́ ìrora.

Àtẹ̀gùn pákó mọ́kànlá ló wà láàárín yàrá mi àti ìta.
Bàbá mi ló kàn án. Mo ti sáré lórí ẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú.
Ọdún kan ààbọ̀ rèé
tí mi ò fojú kan ẹnu ọ̀nà ilé ara mi.
Tí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì,
okùn ni mo fi ń sọ agbọ̀n kalẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Bọ́látitó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan,
báàgì aláwọ̀ ewé léjìká, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.
"Màmá, láti orí òdo dé orí ẹ̀wá,
ibo ni ìrora yín wà lónìí?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé gààrí ni, tí wọ́n á fi kóńgò wọ̀n?
Ó ní kò burú, kí n fi ohun tí mo bá mọ̀ wọ̀n ọ́n.
Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní:
ó wà lórí àtẹ̀gùn kẹsàn-án.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀: àtẹ̀gùn kẹsàn-án.
Kò tíì sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi sílẹ̀ rí láìyí i padà.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé oògùn mi wá.
Ojú tì mí. Náílọ̀n mẹ́ta lábẹ́ ìrọ̀rí:
pupa ti kẹ́míìsì, funfun ti àbúrò mi,
èyí tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun,
èyí tí mi ò rántí ẹni tó fún mi.
Ó dà wọ́n sórí àwo bí ẹni tó fẹ́ ṣa ẹ̀wà,
ó ń fi ìka yà wọ́n.
"Ọ̀kan náà ni méjì yìí, Màmá, orúkọ ló yàtọ̀.
Èyí ló ń jó yín nínú. Màá fi han dókítà."
Kò pariwo. Kò pè mí ní arúgbó alágídí,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni mo rí.

Mo bi í pé, ìgbà wo ló máa kó jáde?
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń fa omi ní kàǹga ìsàlẹ̀.
"Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó lè má jáde mọ́.
Ṣùgbọ́n ta ló ní kó gba pálọ̀?
Ẹ jẹ́ ká tì í lọ sí yàrá ẹ̀yìn."

Mo ń jókòó, mo ń na ẹsẹ̀ kan, mo ń ká a,
ẹ̀ẹ̀mẹwàá, bí wọ́n bá ń ka ìròyìn lórí rédíò.
Omi gbígbóná nínú ìgò, àǹkárá àtijọ́ ni mo fi ń wé e.
Orí àga ni mo ti ń kírun; mo kọ́kọ́ janpata.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó bọ́ bàtà,
mo rí gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.
Ilé méje ló ti gùn kó tó gun tèmi.
"Ìwọ náà, àtẹ̀gùn mélòó ni tìẹ?"
Ó wo ilẹ̀. "Mẹ́rin, Màmá. Nígbà mìíràn, mẹ́fà."
Mo na ìgò náà sí i.

Lánàá, mo sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ̀gùn karùn-ún.
Mo jókòó síbẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n lé kúrò nílé ìdáná,
mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, ẹsẹ̀ nìkan.
Mo dá bàtà Mùkáílà oníbúrẹ́dì mọ̀.
Agbọ̀n mi wà lókè, ó so rọ̀ lórí ìṣó.

Ayálégbé náà ṣì ń bẹ o.
Lóru, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń húkọ́ ní yàrá ẹ̀yìn,
tó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn.
Mo ní: ilẹ̀ ò tíì mọ́.
Mo yí ẹ̀gbẹ́ padà.