Ọdún Mẹ́ta Ó Dín Oṣù Méjì

Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní Bremerhaven
kò jágbe mọ́ mi, kò bú mi.
Ó fi gègé tọ́ka sí kàlẹ́ńdà ara ògiri,
ó ní, "Ọjọ́ wo gan-an ni ọkọ rẹ kò bá ọ sùn mọ́?"
Ògbufọ̀ wo bàtà ara rẹ̀.
Ní Naryn, láàárín òkè níbi tí wọ́n bí mi sí,
a kì í bi obìnrin léèrè báyìí lójú ọmọkùnrin.

Òfin wọn ò lọ́jú pọ̀:
bí ẹ bá jọ gbé níhìn-ín fún ọdún mẹ́ta gbáko,
àjèjì lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Bó bá ku díẹ̀ kó pé, ẹ̀bẹ̀ ló kù.
Wọn kì í ka ọjọ́ tí adájọ́ tú yín ká,
ọjọ́ tí ẹ pínyà lábẹ́ òrùlé ni wọ́n ń kà.

Èmi ò ní torí ìwé ìgbélùú purọ́ mọ́ Holger.
Mo ń la ẹja ṣáwá nílé-iṣẹ́ ẹ̀bá èbúté,
ìka mi ń rùn títí wọ inú àlá,
òun ló máa ń gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì
tí á fi ra ọwọ́ mi, ìka kan tẹ̀lé ìka kan.
Ó fẹ́ràn mi nígbà yẹn.

Alẹ́ kan nínú oṣù Kejì, yìnyín ń bọ́,
ó gbé ìrọ̀rí há abíyá,
ó lọ sùn sórí àga gbọọrọ.
Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.
Mo gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ bá a fi ìpara ra ẹ̀yìn náà.
Oṣù Kẹrin ló tó gbé àpótí.

Èwo ni ìpínyà níbẹ̀, ìyáàfin?
Bá a bá kà á dé ọjọ́ ìrọ̀rí,
ọdún mẹ́ta ó dín oṣù méjì.
Bá a bá kà á dé ọjọ́ àpótí,
ọdún mẹ́ta lé ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ó gbé mi níyàwó, mo wá ń gbé ìlú wọn;
n kò mọ̀ pé ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ inú ìrọ̀rí
lè wúwo tó báyìí.

Holger ti kọ oṣù Kejì sínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀.
Ìkánjú ni, kì í ṣe ìkà:
ọdún kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi pínyà kí adájọ́ tó dá sí i,
ó sì fẹ́ kí ọdún ọ̀hún tètè pé.

Gerlinde, ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
tí kò tíì pe Nurzat já geere rí,
wọ bọ́ọ̀sì méjì wá.
Ó gbé ìwé pélébé kan ka orí tábìlì.
Ojú ọjọ́ ló ń kọ síbẹ̀ àti ohun tó sè.
*Ọjọ́ Ìsinmi. Holger àti ìyàwó wá. Ọ̀dùnkún. Afẹ́fẹ́ le.*
Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn: *Holger àti ìyàwó. Ẹ̀wà. Òjò.*
Báyìí títí wọ oṣù Kẹrin.
Obìnrin náà ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ojú ìwé kan tẹ̀lé èkejì.
Ó ní ká máa retí lẹ́tà.

Ó tún bi mí: "Ọjọ́ wo?"
Mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù Kọkànlá
tí mo pe ọkọ mi láti ìdí ààrò,
tó fi ohùn tí a fi ń dá oníbàárà lóhùn jẹ́ mi.
Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀.
Mo ní, "Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin."

Nínú bọ́ọ̀sì, Gerlinde ò dárúkọ ọmọ rẹ̀.
Ó wo odò títí a fi dé àfonífojì afárá.
Ó ní, "Ọjọ́ Ìsinmi, mú ẹja dání.
Má gbàgbé láti yọ eegun rẹ̀."