Ẹ̀rọ Bisikíìtì Borgny

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni oòrùn ò ti yọ sí wa mọ́ ní Vardø.
Lábẹ́ iná ilé ìdáná, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó ṣú biribiri,
mo tú ẹ̀rọ bisikíìtì ìyàwó mi sórí ìwé ìròyìn.

Ogójì ọdún ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja ṣe.
Mi ò po ìyẹ̀fun rí.
Ṣùgbọ́n irin ni irin ń jẹ́:
bí o bá ṣe ń tú u ni kí o máa tò ó,
kí ọwọ́ má baà gbàgbé ohun tí ojú rí.

Ọ̀pá eléyín wẹ́wẹ́. Agolo gbọọrọ. Òrùka ẹnu rẹ̀.
Àwo pẹlẹbẹ oníhò: ìràwọ̀, òdòdó, igi,
àti ẹranko kan tí a ò mọ irú ẹni tó jẹ́.
Borgny ní ajá ni. Mo ní ẹṣin ni.
Ogún Kérésì la fi jiyàn lé e lórí.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó.
Bọ́tà àtijọ́ kọ́kọ́ ṣagídí, ó wá rọ̀, ó léfòó.
Ìràwọ̀ mọ́. Igi mọ́. Ajá-àbí-ẹṣin mọ́.

Ìgbà tó kan òrùka ni ọwọ́ mi dúró.
Ìyẹ̀fun pípò ti há sí etí rẹ̀, ó gbẹ, ó le bí eyín,
ìyẹ̀fun Kérésì ìdúnta,
nígbà tí ọwọ́ ti ń gbọ̀n ọ́n, tí kò lè fọ nǹkan dé kọ̀rọ̀ mọ́.
Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ náà, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Mo gbé e súnmọ́ iná.
Ojú èékánná wà lára rẹ̀,
tín-ín-rín, bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Mo nu àwọn tó kù gbẹ, nítorí ìpẹtà kò mọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.
Mo tò wọ́n padà. Ó ku òrùka,
àti sipírínǹgì kékeré kan.
Mo tú u. Mo tún un tò. Sipírínǹgì tún ṣẹ́kù.
Ogójì ọdún nídìí ẹ́ńjìnnì!

Jorunn ọmọ wa rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí ó fi ń wúkọ́:
“Bàbá, ti ẹ̀rọ kọ́. Inú bíírò ni Màmá ti yọ ìyẹn,
òun ló fi ń gún ihò tó bá dí.”

Mo fi í sápò ẹ̀wù.
Mo wá yí òrùka tí mi ò fọ̀ mọ́ ẹnu agolo.
Ó há díẹ̀.
Mi ò fipá mú un. Mo dúró,
mo tún yí i,
ó sì wọlé.