Ìlẹ̀kùn Tó Wú

Lóṣù keje, ìlẹ̀kùn ilé wa ní Bámgbóṣé máa ń wú.
Ọ̀rinrin ọ̀sà ń gùn ún láti ìsàlẹ̀,
òjò ń rin ín lókè,
igi tí bàbá ìyá Dípọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́.
Ó ti pẹ́ tí a ti mọ bí a ṣe ń ṣí i:
fi èjìká tì í, kí o fi orúnkún kàn án nísàlẹ̀,
kí o má pariwo, Màmá Àgùdà ń sùn.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò kò dá ló sọ ọ́.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ń bó ọsàn,
kò wojú mi, èèpo náà kò já lọ́wọ́ rẹ̀:
"Àwẹ̀ró, ṣé a ò lè máa ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ni?
Kí ẹni tó bá wù lè jáde, kó sì padà wálé,
láìsí irọ́."
Mo kọ́kọ́ rò pé ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ló ń wí.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ mẹ́ta, kò bi ẹnì kankan léèrè.
Bàbá tèmi fẹ́ ẹyọ kan, ó ní ọmọ méjì ní Ẹ̀pẹ́
tí a kọ́kọ́ rí lẹ́bàá pósí rẹ̀.
Nítorí náà, nígbà tó ní "láìsí irọ́",
nǹkan kan nínú mi dìde jókòó.
Mo ní, "Àwa méjèèjì?"
Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn.
Kò ronú débẹ̀.
Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ di tirẹ̀, ó ń gba orí afárá lọ sí Súrùlérè.
Sátidé di tèmi.
Màá sọ òótọ́: ó dùn.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣómúyìwá tó ń tún aago ṣe ní Ìdúmọ̀tà
bi mí pé irú ọmọdé wo ni mo jẹ́,
ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí láti ìgbà tí mo ti di ìyá.
Dípọ̀ náà yí padà. Ó tún ń fá irùngbọ̀n.
Ó rí yẹtí mi, ó ní, "Níbo lo ti rà á?"
Yẹtí tí òun fúnra rẹ̀ rà fún mi lọ́dún kẹwàá!
A rẹ́rìn-ín títí Màmá Àgùdà fi ọ̀pá gbá ògiri.

Ohun tó dùn mí kì í ṣe ti ibùsùn.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ṣíbí kan ọbẹ̀ ilá mi, ó ní,
"Bí a bá fi irú díẹ̀ sí i ńkọ́?"
Irú.
Ọkùnrin tó ti ń sá fún òórùn irú láti ọjọ́ ìgbéyàwó.
Ẹnìkan ti kọ́ ọ ní ohun tí n kò rí kọ́ ọ.
Mo da ọbẹ̀ náà sí gọ́tà,
mo fọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Òun kò sọ ohun tó dun òun fún mi.
Ṣùgbọ́n aago ògiri wa tó ti kú tipẹ́,
lọ́jọ́ tí mo gbé e padà wálé, tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́,
ó dìde lóru, ó fi ìka kan dá a dúró.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Èmi kì í ṣe ọba. Ilé kan ṣoṣo ni mo ní.

Bàbá Gàníyù káfíńtà wá wo ìlẹ̀kùn.
Ó fọwọ́ pa á lára, ó ní,
"Mo lè fá a báyìí, yóò máa ṣí wẹ́rẹ́.
Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, igi á súnkì,
àlàfo á yọ, eruku á máa wọlé bá yín.
Bí n kò bá fá a, ẹ ó máa fi èjìká jà á.
Èwo ni kí n ṣe?"
Dípọ̀ wò mí. Mo wo Dípọ̀.
A ní kó padà wá lóṣù kejìlá.

Ọjọ́bọ̀ lòní, òjò ń rọ̀.
Mo ń gbọ́ ẹnìkan nísàlẹ̀:
èjìká, lẹ́yìn náà orúnkún,
igi ń ké.
Láti òkè níbí, n kò lè mọ̀
bóyá ó ń wọlé ni, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde.